Sólà Orí Òrùlé Tàbí Sólà Alájọpín?

Ọ̀gá Olóòtú,

Mo kí yín láti Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Àwa tí a ní ọmọ tàbí àbúrò ní Amẹ́ríkà ti ń gbọ́ lẹ́nu wọn pé kò pọn dandan kí ènìyàn gbé sólà sórí òrùlé ara rẹ̀ mọ́, pé ó lè forúkọ sílẹ̀ fún ìpín nínú sólà tí wọ́n tẹ́ sí pápá kan fún gbogbo àdúgbò, kí ó sì máa sanwó oṣooṣù. Wọ́n ń gba àwa náà níyànjú pé kí a bèèrè irú rẹ̀ níbí. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ètò náà ń ṣe.

Ní ìpínlẹ̀ Minnesota, níbi tí òfin rẹ̀ ti wà láti ọdún 2013, iná tí pápá náà bá pèsè kì í lọ tààrà sí ilé ẹni tí ó ní ìpín. Wáyà ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ni ó ń wọ̀, ilé-iṣẹ́ náà yóò sì ṣírò ohun tí ó tọ́ sí i, yóò yọ ọ́ kúrò nínú owó iná rẹ̀. Ètò yìí dára púpọ̀ fún ayálégbé, àti fún ẹni tí igi ṣíji bo òrùlé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, òun àti aládùúgbò rẹ̀ tí kò forúkọ sílẹ̀ ni wọn yóò jọ jókòó sínú òkùnkùn.

Àwa náà kò ṣàìní pápá sólà. Èyí tí ó wà ní Illoulofin, lágbègbè Pobè, ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 2022, agbára rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́gáwáàtì 25, ṣùgbọ́n wáyà SBEE, ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ìjọba wa, ni iná rẹ̀ ń bá lọ. Bí wọ́n tilẹ̀ ní kí a wá ra ìpín níbẹ̀ lọ́la, owó iná wa ni yóò dínkù. Aránṣọ tí ẹ̀rọ rẹ̀ dúró lọ́sàn-án gangan, àti ìyá tí ẹja rẹ̀ ń yọ́ nínú fìríìsà, kò ní tìtorí rẹ̀ rí iná lò.

Nítorí náà, ti orí òrùlé ni mo fara mọ́ fún ẹni tí ó ní ilé tirẹ̀, bí ó bá lè ra bátìrì mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀ pé sólà tí a so mọ́ wáyà ìjọba láìní bátìrì yóò kú nígbà tí iná ìjọba bá kú, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn gan-an; wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí iná má baà pa òṣìṣẹ́ tí ń tún wáyà ṣe. Ìdí bátìrì yìí sì ni owó ń bá lọ. Pátákó sólà lè lo ọdún 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí a bá ń nu eruku ọyẹ́ kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n bátìrì olómi kì í sábà ju ọdún 3 sí 5 lọ. Ti lítíọ́ọ̀mù a máa pẹ́ tó ọdún 10, ó kàn wọ́n ni. Àwọn tí ń tà á kì í fẹ́ sọ ti bátìrì títí owó yóò fi kúrò lọ́wọ́ ẹni.

Ní agbo ilé wa, níbi tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń gbé pọ̀, mo rò pé a lè dáwó jọ ra ẹyọ kan, kí a gbé e sórí òrùlé tí páánù rẹ̀ kò tíì dógùn-ún, kí olúkúlùkù sì máa dá owó bátìrì tí a ó pààrọ̀ sílẹ̀ lóṣooṣù láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí a kò bá ṣe èyí tí ó kẹ́yìn yìí, ìjà ni yóò dà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa bi àwọn oníṣòwò sólà ní Kétu àti Pobè léèrè pé ọdún mélòó ni wọ́n lè fọwọ́ sí ìwé lé lórí fún bátìrì wọn, kí ẹ sì tẹ ìdáhùn wọn jáde.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Kétu.