Àṣàkẹ́, Gbé Fóònù Rẹ

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

O ò gbé fóònù mi, ni mo ṣe ń kọ̀wé. Ọmọ àǹtí rẹ tó wà ní Leeds ló sọ fún wa pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ, pé ìwọ àti Káyọ̀dé ti pínyà, pé o kì í jáde mọ́. Ṣé ẹnu ẹlòmíràn ló yẹ kí n ti gbọ́ ọ? Àbúrò rẹ ti ṣe WAEC tán. Bàbá rẹ ti pààrọ̀ páànù ilé ìdáná.

Ṣé o ń sùn? Ṣé o ń jẹun? Ìyá mi, tí a sọ fún yín pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bá jà, ìsoríkọ́ ló ṣe é. Bàbá mi kú, wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá dùbúlẹ̀, kò sọ̀rọ̀, kò fẹ́ wẹ̀. Ó ti ṣe àbúrò rẹ̀ náà rí. Èmi nọ́ọ̀sì ni mo bá wọn bò ó mọ́lẹ̀, kí wọ́n má baà ní wèrè wà nídìílé wa, kí ẹ̀yin ọmọbìnrin lè rí ọkọ fẹ́. Ó ń dùn mí títí dòní.

Má wá rò pé ó ti kàn ọ́ nìyẹn. Ìwádìí lórí àwọn ìbejì fi hàn pé jíìnì, ìyẹn ohun inú ara tí a ń jogún lọ́dọ̀ òbí, ló wà nídìí nǹkan bí 37 nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ìsoríkọ́ ń mú àti ẹni tí kì í mú. Ohun tójú kálukú rí láyé ló ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Lọ́dún 2003, àwọn oníwádìí kan wo 847 ènìyàn ní Dunedin, ní New Zealand, wọ́n ní jíìnì kan báyìí ló ń jẹ́ kí wàhálà tètè wọ àwọn kan lára. Ọ̀pọ̀ wa gbà á gbọ́. Nígbà tí àwọn mìíràn wo èrò tó pọ̀ jùyẹn lọ fíìfíì, títí dé ìwádìí ńlá ti 2019, wọn ò rí i bẹ́ẹ̀. Àwọn jíìnì tó lọ́wọ́ nínú ìsoríkọ́ pọ̀ lọ súà, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan ò tó nǹkan. Àmọ́ ẹni tó bá jogún wọn, tí ọ̀fọ̀, ìkọ̀sílẹ̀ tàbí àìríṣẹ́ wá já lù ú, ewu tirẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Ìwọ wo ohun méjì tó já lù ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé o ń sùn?

Agídí rẹ yìí ń bí mi nínú! Ta ló ní kí o dá a gbé? Nígbà tí Dókítà Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro, l'Ábẹ́òkúta, ní 1954, àárín ará abúlé ló fi àwọn aláìsàn sí, ìbátan sì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé kálukú wọn wá. Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ báyìí? Ọkọ mi, ìyá mi, má bínú sí mi. Owó tí o kò fi ránṣẹ́, a ò bi ọ́.

Lọ rí dókítà rẹ lọ́sẹ̀ yìí. Sọ ti màmá àgbà fún un, má fi àbúrò wọn sílẹ̀. Tí ọkàn rẹ bá ń sọ fún ọ pé kí o kú, má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọ, gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀, kí o sì pè mí, ì báà jẹ́ òru. Ọmọ àǹtí rẹ ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ ní Sátidé. Èmi ni mo rán an, ṣílẹ̀kùn fún un.

Màmá rẹ