Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya fídíò

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ń ṣe gudugudu méje. Fóònù lásán ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń tajà dé òkè òkun, wọn ò gba ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n kí ìyá àgbà ṣì máa yẹ aṣọ wò, kí fídíò rẹ̀ ti dé TikTok, kí wọ́n tún lẹ àlàátì owó tó san mọ́ ọn? (Fóònù tiwọn rèé, pásíwọ̀ọ̀dù ni wọ́n fi tì í!) Òfin ààbò dátà tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù lọ́dún 2023 fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n pa irú rẹ̀ rẹ́. Ẹ̀yin ọ̀gá aládìrẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fáwọn ọmọṣẹ́ yín.

Oníbàárà kan,
Abẹ́òkúta