Lẹ́tà sí Àdùkẹ́: Òwú tó ti Èkó dé Perth

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú ewu ọmọ o. Olúwa á wò ó, á dá a sí. Aago 11 alẹ́ ni mò ń kọ èyí. Lọ́dọ̀ tìrẹ aago 6 ti lù, ọmọ á ti jí ọ.

Láti ìgbà tí tíkẹ́ẹ̀tì Màmá ti dé ni wọn ò ti jẹ́ n sinmi: “Àbẹ̀kẹ́, báwo ni ibẹ̀ ṣe jìnnà tó?” Lánàá, mo gbé glóòbù ọmọ mi, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ orí òwú dúdú kan mọ́ Èkó, mo nà án dé ọ̀dọ̀ rẹ ní Perth, ní Ọsirélíà. Ó gba orí Kóńgò, ó gba orí Madagásíkà, ó wá bọ́ sójú òkun lọ rẹrẹẹrẹ. Kìlómítà 12,500 ni. Ṣùgbọ́n kò sí bàlúù kankan tó ń gba ojú òwú yẹn. Doha, ní Qatar, ni Màmá máa kọ́kọ́ gbà, lókè lọ́hùn-ún, bíi kìlómítà 5,500, kí wọ́n tó ṣẹ́rí sísàlẹ̀ fún 9,300 mìíràn. Màmá fi ìka tọ òwú náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní, “Ọmọ mi ló wà ní ìdí rẹ̀, kò jìnnà.” Inú kíṣìnì ni mo ti lọ nu ojú.

Ìyá Ìbejì ti kó lọ sí Ìkòròdú. Bàlúù ṣì ń gba orí òrùlé wa ní Máfọlúkù. Bí páànù bá ti gbọ̀n báyìí, mo máa ń rí ìwọ àti súwẹ́tà pupa yẹn lórí ìgànná, tí ò ń juwọ́. Àárò rẹ ń sọ mí gan-an.

Àdùkẹ́, Màmá ní n ò gbọdọ̀ sọ fún ọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n lọ ìnáwó ní Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, bàtà ò wọ ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn mọ́. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ náà, ó jìn wọnú, ó sì pẹ́ kó tó kún padà. Ìbàdàn lásán nìyẹn o! Nọ́ọ̀sì àdúgbò wa ní ìjókòó tó bá ti ju wákàtí 4 lọ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì sí ẹsẹ̀ àgbàlagbà. Láti ibí dé Doha, ó tó wákàtí 7. Láti Doha dọ́dọ̀ rẹ, ó lé ní 10.

Jọ̀ọ́, sún ọjọ́ ìrìnàjò yẹn síwájú kí dókítà wò wọ́n ná. Èmi ni n ó mú wọn lọ, mo ti gba àyè ọjọ́ Ìṣẹ́gun níbi iṣẹ́. Bí dókítà bá ní kí wọ́n máa bọ̀, bá wọn béèrè kẹ̀kẹ́ arọ ní Doha, àti ìjókòó etí ọ̀nà, kí wọ́n lè máa dìde rìn. Má dárúkọ mi. Sọ pé o lálàá ni.

Ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn tí wọ́n fẹ́ fi wẹ ọmọ ti wà nínú àpótí. Òwú yẹn náà ṣì wà lára glóòbù. Wọn ò jẹ́ kí n tú u.

Èmi ni tìrẹ,
Àbẹ̀kẹ́