Ẹ má bínú sí dókítà tó ń mu tíì

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìròyìn yín. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan lóṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, a sì sáré gbé wọn lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn kan níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, torí n kò bá ìjà wá. Dókítà kan ṣoṣo, ọ̀dọ́bìnrin, ló wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ọdún 22 ni mo fi ṣiṣẹ́ nídìí tẹlifóònù ìjọba, títí GSM fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Iṣẹ́ ti lọ, àṣà rẹ̀ kò lọ. Mo fa bírò yọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ aago tí aláìsàn kọ̀ọ̀kan wọlé sẹ́yìn páálí oògùn. Láàárín aago 9 sí aago 12, èèyàn 15 ló wọlé. Márùn-ún ní wákàtí kan nìyẹn. Dókítà ń lo bí ìṣẹ́jú 10 lórí ẹnì kan, tí a bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ pín: àwọn mìíràn ìṣẹ́jú 3, àwọn mìíràn 25. Ó lè tọ́jú èèyàn mẹ́fà ní wákàtí kan, márùn-ún péré ló sì ń wọlé. Kí ló wá dé tí bẹ́ǹṣì kún? Ẹ̀gbọ́n mi, pẹ̀lú itan tó ń ro wọ́n, jókòó fún wákàtí kan ó lé ìṣẹ́jú 5 kí wọ́n tó pe orúkọ wọn. Ìkọ́kọrẹ́ tí ìyàwó mi gbé wá nínú fùláàsì tutù kí a tó rántí rẹ̀.

Àìsàn kì í wo aago ló fà á. Mọ́tò kan já èèyàn mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti ojú ọ̀nà Ṣàgámù, lẹ́yìn náà ó tó ogún ìṣẹ́jú tí ẹnikẹ́ni ò yọjú. Ìṣẹ́jú tí dókítà fi jókòó láìrí aláìsàn kò ṣe é kó pamọ́ bíi gàrí, ká ní a ó bù ú jáde nígbà tí èrò bá ya dé.

Àwa ará tẹlifóònù mọ èyí tipẹ́. Ọmọ Denmark kan, Agner Krarup Erlang, tó ń bá iléeṣẹ́ tẹlifóònù Copenhagen ṣiṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìṣirò rẹ̀ jáde ní 1909. Ní 1917 ó gbé èyí tó fi hàn bí ẹni tó ń pè yóò ti dúró pẹ́ tó síta. Orúkọ rẹ̀ la fi ń wọn èrò orí wáyà títí dòní, bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn àti wáyà kò sì yàtọ̀ lójú ìṣirò náà.

Èyí tó rọrùn jù nínú rẹ̀ ni mo lò. Tí dókítà kan bá lè tọ́jú mẹ́fà ní wákàtí, tí mẹ́rin sì ń wọlé, ẹnì kan yóò dúró tó ìṣẹ́jú 20. Tí márùn-ún bá ń wọlé, ó di 50. Tí ó bá jẹ́ mọ́kànlá ní wákàtí méjì, ó di 110. Ẹ wo bó ṣe fò! Tó bá wá di mẹ́fà géérégé, ìlà náà kò ní yéé gùn. Ṣùgbọ́n ẹ fi dókítà kejì kún un, kí àwọn méjèèjì máa mú èèyàn láti orí ìlà kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú 50 yẹn yóò já sí bí ìṣẹ́jú 2. Mo ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà á gbọ́.

Nígbà tí ọwọ́ dókítà wá dilẹ̀ ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán, ó mu tíì. Ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi figbe ta: "Ẹ wò ó, owó oṣù ló ń gbà yẹn o!" N kò dá a lóhùn níbẹ̀, mo ń dá a lóhùn níbí. Tí dókítà bá di méjì, ó lé ní ìdajì àsìkò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn yóò fi jókòó láìrí ẹni tọ́jú. Owó tí a ó san kí ìyá ẹni má baà pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì nìyẹn. Ibi tí dókítà ò bá ti lè mí, aláìsàn ló ń san án.

Mo mọ̀ pé ìṣirò yìí kò mọ gbogbo nǹkan. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá lórí ẹni tí itan ń dùn, àwọn tó kù yóò sì dúró sí i. Àwòrán X-ray tún ní ìlà tirẹ̀. Mo sì mọ̀ pé owó kò tó. N kò bèèrè dókítà méjì lójoojúmọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àárọ̀ Mọ́ńdè ni mo ń sọ, àti ọjọ́ Ojúde Ọba tí gbogbo ayé ń wọ ìlú wa.

Ó tún yẹ kí pátákó kan wà tí yóò sọ fún aláìsàn bí yóò ti dúró pẹ́ tó, nọ́ọ̀sì sì lè ṣe é láìsí kọ̀ǹpútà. Kó ka orí tó wà lórí bẹ́ǹṣì, kó fi iye tó ń gba ìtọ́jú ní wákàtí kan pín in. Orí 12, mẹ́fà ní wákàtí: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò dúró tó wákàtí méjì. Kó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára pátákó náà, kó sì máa tún un kọ ní wákàtí wákàtí. Ẹni tó bá rí i yóò mọ̀ bóyá kí òun pe ọmọ òun pé kó gbé oúnjẹ wá.

Àmọ́ kí wọ́n tó mọ wákàtí wo ni èrò ń pọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ máa kọ aago tí èèyàn wọlé. Káàdì ẹ̀gbọ́n mi wà níwájú mi bí mo ti ń kọ èyí. Ọjọ́ wà lórí rẹ̀, aago kò sí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ará tẹlifóònù tó ti fẹ̀yìntì,
Ìjẹ̀bú-Òde