Sí Ẹ̀yin Ọmọ Wa Tó Ń Ṣèwádìí Oyún

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín láti Sábọ̀n Gàrí, ní Zaria. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní làbù ní Gwagwalada, ní Kano àti níbí, tí ẹ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ oyún àti bí ara ṣe ń gbèjà ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ayé yín, ẹ̀yin ni mò ń kọ̀wé sí. Inú mi dùn sí yín gan-an. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ mi: ẹ jẹ́ kí ìbéèrè yín máa ti ọ̀dọ̀ aláboyún wá.

Ìbéèrè ńlá ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Bí ẹ bá bu awọ ara ọkọ lé ìyàwó lára, ara ìyàwó á kọ̀ ọ́. Báwo ló ṣe wá ń gba ọmọ tó jẹ́ ti ọkọ yẹn mọ́ra fún oṣù mẹ́sàn-án? Peter Medawar, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Britain, bèèrè bẹ́ẹ̀ ní 1953, a kò sì tíì dáhùn rẹ̀ tán. Ní 1995, Shimon Sakaguchi fi hàn ní Jàpáánù pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń dá àwọn jagunjagun ara lẹ́kun. A ti wá rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ń ṣiṣẹ́ nígbà oyún pẹ̀lú. 2025 ni òun, Mary Brunkow àti Fred Ramsdell tó gba ẹ̀bùn Nobel. Ẹ ṣírò ọdún tó wà láàárín, kí ẹ má baà kánjú.

Àmọ́ ibà aláboyún ni mo fẹ́ kí ẹ rò dáadáa. Nọ́ọ̀sì tó bá ti pẹ́ ní wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí á sọ fún yín pé oyún àkọ́kọ́ ni ibà ń bá fínra jù. Obìnrin tó ti ń ní ibà láti kékeré, tí ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, á lóyún àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á gbẹ, ọmọ rẹ̀ á kéré. Nígbà tó bá fi máa lóyún kẹta, ó ti sàn. Kí ló dé? Ní 1996, àwọn olùwádìí méjì, Michal Fried àti Patrick Duffy, yẹ ibi ọmọ àwọn obìnrin Kenya wò. Wọ́n rí i pé kòkòrò ibà tó wà níbẹ̀ di ohun kan mú lára ibi ọmọ, kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gbé òun lọ. Ara tí kò lóyún rí kò tíì pàdé irú kòkòrò yìí, àlejò ni lójú rẹ̀. Lẹ́yìn oyún kan tàbí méjì, ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà ti kọ́ bó ṣe máa kápá rẹ̀. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n gbà dé orí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ti ń dán wò. Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ yìí wà ní gbogbo kílíníìkì aláboyún láti Keffi dé Katsina.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Kelsey Harrison, oníṣègùn ìgbẹ̀bí, ti ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ níbí rí. Ìbí 22,774 ni òun àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ kọ sílẹ̀ ní Zaria láàárín 1976 sí 1979, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1985. Títí dòní ni wọ́n ń tọ́ka sí i. Àkọsílẹ̀ tó péye ló gbé e dúró.

Ẹ kọ́ èdè Hausa. Mi ò sọ ti ọjà o. Ẹ kọ́ ọ dé ibi tí ẹ lè bi obìnrin léèrè nǹkan oṣù rẹ̀ àti oyún tó bà jẹ́ láìjẹ́ pé ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń ṣe ògbufọ̀. Ohun tó máa sọ á yàtọ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ gba ibi ọmọ fún ìwádìí, ẹ ṣàlàyé fún un nígbà tí oyún ṣì wà nínú, ẹ má dúró dìgbà tó bá ń rọbí. Àwa Yorùbá ń sin ibi ọmọ, ọ̀pọ̀ Hausa náà ń sin ín. Ẹ mú ìwọ̀nba tí ẹ nílò, kí ẹ dá èyí tó kù padà fún àwọn ará ilé.

Ní Abuja, àwọn ilé ìwòsàn IVF, níbi tí wọ́n ti ń da àtọ̀ pọ̀ mọ́ ẹyin obìnrin níta ara, máa pè yín, owó wọn á ju ti làbù ìjọba lọ. Kò burú. Látìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ashiru ti ṣe é ní LUTH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Èkó, tí wọ́n sì bí ọmọ tí wọ́n fi ọ̀nà yìí lóyún rẹ̀ ní 1989, ẹkún ti gbẹ lójú ọ̀pọ̀ ìdílé. Mo kàn bẹ̀ yín, ẹ má bá wọn ta ohun tí a kò tíì mọ̀. Àwọn kan ń yẹ ẹ̀jẹ̀ apá obìnrin wò, wọ́n á ní sẹ́ẹ̀lì NK rẹ̀, irú jagunjagun ara kan, ti pọ̀ jù, òun ló ń pa ọlẹ̀, wọ́n á wá fa omi ọlọ́ràá sí i lára, owó gọbọi. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé mọ̀ pé ti inú ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀ sí ti inú ilé ọmọ, àti pé ṣe ni ti inú ilé ọmọ ń bá oyún la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Kò sí ẹ̀rí tó dúró pé ìtọ́jú yẹn ń mú ọmọ wá. Obìnrin tó jókòó níwájú yín ti ta wúrà rẹ̀. Ẹ wò ó lójú, kí ẹ sọ òótọ́ fún un.

Nígbà tí èsì yín bá sì jáde, ẹ padà sí kílíníìkì tí ẹ ti gba ẹ̀jẹ̀, lọ́jọ́ tí àwọn aláboyún bá pé jọ. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún wọn, ní Hausa, ní Gbagyi, ní Yorùbá. Ẹ mú bírò àti ìwé dání, torí wọ́n máa bi yín ní ìbéèrè.

Èmi ni,
Màmá yín ní Zaria