Ta Ló Ni Kòtò Yẹn?

Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn fún ọ̀sẹ̀ yìí
Bíbélì kíkà: Ẹ́kísódù 21:33-34

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín kú ọ̀sẹ̀, mo tún kí yín kú òjò.

Ó tó nǹkan bí oṣù kan báyìí. Ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, àwọn ọmọ kan ń sáré kiri nídìí kànga ìjọ, wọ́n ń fọ́n omi sí ara wọn. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ ń rín. Ìgbà tí mo sún mọ́ wọn ni mo rí ohun tí wọ́n fi ń fọ́n ọn: sírínjì ni, mẹ́ta. Nǹkan pupa rúsúrúsú ti gbẹ mọ́ ìdí ọ̀kan nínú wọn, bí ìgbà tí tíì bá gbẹ mọ́ ìdí ife. Mo bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti rí i. Ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, nawọ́ sí apá ibi tí ààtàn àdúgbò wà. Ó ní ó pọ̀ níbẹ̀, pé tí mo bá fẹ́, òun á bá mi mú sí i wá. Bó ṣe na ọwọ́ yẹn ni mo rí ojú ibi tí nǹkan ti gún un ní àtàǹpàkò. Ó ní, "Abẹ́rẹ́ orí rẹ̀ ni, sà, nígbà tí mò ń yọ ọ́. Kò tiẹ̀ dùn mí."

Kò dùn ún. Èmi ni kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà.

Ìyá rẹ̀ ló ní kí n sọ ìtàn yìí fún ìjọ, kí ọmọ ẹlòmíràn má baà kó sí i. A fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ọwọ́ náà (ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́), a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Dókítà ní a ṣe dáadáa tí a kò ní ó di ọ̀la, torí pé oògùn tí wọ́n fi ń dènà kòkòrò HIV, kí wákàtí 72 tó pé ni wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ 28 sì ni wọ́n ń lò ó. Fún àrùn jẹdọ̀jẹdọ̀ B, ìyá wá káàdì àjẹsára rẹ̀ títí, omi òjò ti bà á jẹ́. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ mẹ́ta fún un: èkíní lójú ẹsẹ̀, èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta nígbà tó bá di oṣù mẹ́fà. Àrùn yìí gan-an ló yẹ ká máa bẹ̀rù jù. Bí abẹ́rẹ́ tí ẹni tó ní in lò bá gún ẹni tí kò gba àjẹsára, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ewu kíkó o tó ìdá 30 nínú 100. Ti HIV kò tó ẹyọ kan nínú 100.

Nínú Bíbélì tí mo ní kí ẹ kà, Ọlọ́run ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó gbẹ́ kòtò tí kò bò ó. Bí màlúù tàbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá jìn sí i, ẹni tó ni kòtò ni yóò san án. Ẹ kíyè sí i pé Olúwa kò bi màlúù pé kí ló wá débẹ̀. Kò sì ní kí ẹni tó ni ín lọ so ó mọ́lẹ̀. Àwa ńkọ́? Ọmọ la máa ń nà: "Kí lo wá lọ sórí ààtàn?" Ọ̀rọ̀ yẹn ti dé ètè mi lọ́jọ́ náà kí ẹsẹ Bíbélì yìí tó dá mi lẹ́kun.

Ta wá ló ni kòtò? N kò mọ ẹni tó da sírínjì wọ̀nyẹn síbẹ̀. Ó lè jẹ́ ilé ìwòsàn aládàáni. Ó lè jẹ́ kẹ́míìsì, tàbí nọ́ọ̀sì tó ń gún abẹ́rẹ́ láti ilé dé ilé. Ó sì lè jẹ́ ọmọ ìjọ yìí tó ní àtọ̀gbẹ, tó ń gún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ láràárọ̀, tó ń wé e sínú ọ̀rá dúdú. Àwọn àgbà ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Eérú ilé ìwòsàn kì í tọ ẹni tó dà á. Ọmọ ọlọ́mọ ló ń tọ̀, àti àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri láti Tákíé dé Sábó nínú ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ wa yìí, tí wọ́n ń ra irin àlòkù.

Mo ka ìtàn àwọn oníirin kan tí n kò lè gbàgbé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, ní ìlú Goiânia lórílẹ̀-èdè Bràsíl, ilé ìwòsàn kan tó ń fi ìtànṣán wo àrùn jẹjẹrẹ ti kó kúrò nínú ilé tó wà tẹ́lẹ̀, ó sì fi ẹ̀rọ kan sílẹ̀ síbẹ̀. Ọkùnrin méjì wọlé lọ tú u, wọ́n tà á fún oníṣòwò irin àlòkù. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti rí nǹkan kan tó ń tan ìmọ́lẹ̀ búlúù lóru. Cesium-137 ni, èròjà tí ìtànṣán rẹ̀ lè pa èèyàn, wọn kò mọ̀. Oníṣòwò náà pe ará, ó pe ọ̀rẹ́, kí wọ́n wá wò ó, ó sì ń bù ún fún wọn bí ẹni ń pín ẹ̀bùn. Arákùnrin rẹ̀ gbé díẹ̀ lọ sílé. Ọmọbìnrin arákùnrin yìí, ọmọ ọdún mẹ́fà, fi ṣeré, ó sì fi ọwọ́ kan náà jẹun. Nígbà tí ara àwọn ará ilé kò yá mọ́, ìyàwó oníṣòwò irin ló fura. Ó ní kí wọ́n di nǹkan náà sínú àpò, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó gbé e lọ bá àwọn elétò ìlera. Òun àti ọmọbìnrin yẹn wà lára àwọn mẹ́rin tó kú. Èèyàn tó lé ní 112,000 ni wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n sì bá a lára 249.

Bràsíl kò fi ìtìjú bò ó. Wọ́n ké sí àwọn orílẹ̀-èdè yòókù, àwọn dókítà àti onímọ̀ wá láti òkè òkun, àjọ àgbáyé tó ń rí sí agbára átọ́míìkì sì tẹ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ jáde lọ́dún 1988 kí ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n.

Ọdún 1988 yẹn náà ni ọ̀rọ̀ ìlú Koko bú jáde nílẹ̀ wa, ní ìpínlẹ̀ Bẹndẹ́lì nígbà náà. Májèlé ilé iṣẹ́ ni wọ́n kó wá láti Ítálì, wọ́n tò ó sínú àgbàlá ẹnì kan tí wọ́n ń sanwó ilẹ̀ fún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Ítálì ló kọ̀wé wálé. Ìjọba gbaná jẹ, Ítálì sì padà wá fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ bíi ti Koko yìí ló mú kí àwọn orílẹ̀-èdè pàdé nílùú Basel ní Switzerland ní oṣù kẹta ọdún 1989, kí wọ́n ṣe àdéhùn lórí ìdọ̀tí eléwu. Nígbà tí wọ́n ń to irú ìdọ̀tí tí àdéhùn náà kàn, pàǹtí ilé ìwòsàn ni wọ́n fi ṣe èkíní.

Ẹ má ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Ní 1907 ni Dókítà George Green ti Amẹ́ríkà wá ṣe iṣẹ́ ìwòsàn lọ́dọ̀ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Àtìgbà náà ni àwọn ọlọ́gbọ́n ibòmíràn ti ń bá wa dá sí ọ̀rọ̀ ìlera wa.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé ká kàn sun irú pàǹtí bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Èéfín ike tí a sun ní gbangba ní májèlé dioxin nínú, ó ń dá jẹjẹrẹ sára èèyàn, abẹ́rẹ́ á sì ṣì wà nínú eérú. Oru omi gbígbóná ló dára jù láti fi pa kòkòrò inú pàǹtí náà, nínú ẹ̀rọ tí wọ́n dé pinpin bí ẹni se mọ́ínmọ́ín, tí ooru rẹ̀ ga ju ti omi tó ń hó lọ, dé ìwọ̀n 121 digírì Celsius. Gánà, Tàǹsáníà, Sáḿbíà àti Madagásíkà ti gba irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nípasẹ̀ iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe pẹ̀lú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Mo ń gbàdúrà kí ó kárí ilé ìwòsàn ilẹ̀ wa, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá yín. Nínú pàǹtí ilé ìwòsàn 100, bí 85 ló dà bí ti ilé tiwa, ìwé àti oúnjẹ. 15 yòókù ló léwu. Tí ẹ bá dà wọ́n pọ̀, gbogbo rẹ̀ ti di eléwu nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo abẹ́rẹ́ nílé, ẹ wá ike líle tó ní ìdérí, bíi ti hípò. Ẹ má dé abẹ́rẹ́ padà, ẹ má tẹ̀ ẹ́ kọrọ, ẹ jù ú sínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kó tó kún, tó bá ti ku ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹ dé e, kí ẹ gbé e wá fún díákónì wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ilé ìwòsàn kan ti gbà láti máa bá wa gbà á.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni abẹ́rẹ́ kejì ọmọ wa. Ìyá rẹ̀ ní ọjà lọ́jọ́ náà, èmi ni màá mú un lọ. Ó ti bi mí bóyá wọ́n á tún ju sírínjì sínú àpótí aláwọ̀ ìyeyè bíi ti ìjọ́sí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun ni kí wọ́n jẹ́ kí òun jù ú. Mo ní rárá, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni.