Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ síta pé a ní ọ́tísíìmù

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ni Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún ọ́tísíìmù lọ́dún 2007. Ọ́tísíìmù ni pé kí ọpọlọ èèyàn máa ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ látìgbà tí wọ́n ti bí i, débi pé ọ̀rọ̀ sísọ, ìbáṣepọ̀ tàbí ariwo lè nira fún un. Tí ọjọ́ náà bá ti dé, àwọn ìyá ọlọ́mọ á sọ̀rọ̀ lórí rédíò, dókítà náà á sọ tirẹ̀. Mò ń gbọ́ wọn, mo sì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí n gbọ́ àgbàlagbà tó máa ní òun gan-an ló ní in. Èmi ní in. Obìnrin ni mí, mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, Ìbàdàn ni mò ń gbé, ilé ìtẹ̀wé ni mo ti ń ṣiṣẹ́.

Láàárín àwa Yorùbá, ó rọrùn kí ọ́tísíìmù fara sin lára ọmọbìnrin. Ọmọ tí kì í wojú àgbà, wọ́n á ní ó lẹ́kọ̀ọ́. Èyí tí kì í sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ó níwà pẹ̀lẹ́. Ìkíni ló tú tèmi síta. Lóde ìnáwó, tí èèyàn bíi mélòó kan bá ń kí mi lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìdúró, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, tí sípíkà sì ń pariwo létí mi, ọ̀rọ̀ á há mi lọ́fun. Mo ti kúnlẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò ní jáde. Màá máa fi ìka ra etí ìborùn mi títí ara mi á fi wálẹ̀. Àwọn ẹbí mi kọ́kọ́ ní ìgbéraga ni. Nígbà tó yá, wọ́n ní ẹgbẹ́ ọ̀run ló ni mí. Wọ́n mú mi lọ sórí òkè àdúrà, wọ́n febi pa mí lórúkọ ààwẹ̀, wọ́n sì fi ìgbálẹ̀ nà mí. Mi ò tíì wọ sẹ́kọ́ńdírì nígbà yẹn.

Ìgbà tí mo dàgbà ni dókítà yẹ̀ mí wò, tó sọ ohun tó jẹ́ fún mi: kì í ràn, bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Ọkàn mi balẹ̀. Ilé ní kí n má sọ ọ́ síta. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó dé, wọ́n tún kìlọ̀: "Jẹ́ kẹ́ ẹ bímọ ná kó o tó sọ fún un." Mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó fẹ́ gbé mi níyàwó. Mo sọ fún un. Òun ò bínú, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé rẹ̀ ní irú ẹ̀ ò sí nílé àwọn, ọ̀rọ̀ bá tú ká. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní, "Ṣé o rí ohun tí ẹnu ẹ fà?" Ó dùn mí wọra, ó ṣì ń dùn mí. Síbẹ̀, bó bá tún dọ̀la, màá sọ ọ́.

Láti 2019 la ti ní òfin lórílẹ̀-èdè yìí pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ torí ìpèníjà ara tàbí ti ọpọlọ fi ẹ̀tọ́ ẹlòmíì dù ú. Ẹni tó bá ṣe é lè san ìtanràn 100,000 náírà, tàbí kó fẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura. Ti ilé iṣẹ́ jẹ́ mílíọ̀nù kan. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe tirẹ̀ láti 2011. Báwo ni òfin ṣe máa gbèjà ẹni tí ilé rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ lanu? Níbi iṣẹ́ mi, mo sọ fún ọ̀gá mi. Ó bi mí pé kí ló ń ni mí lára jù, mo ní ariwo ẹ̀rọ ni. Ó ní kí wọ́n gbé tábìlì mi lọ sí yàrá ẹ̀yìn, kò ná an ní kọ́bọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń yẹ ìwé wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Àmì ohùn tí wọ́n bá ṣì fi sí kì í bọ́ mọ́ mi lójú.

Donald Triplett, ará Mississippi ní Amẹ́ríkà, ni ọmọ àkọ́kọ́ tí dókítà kan tó ń jẹ́ Leo Kanner ṣàpèjúwe nínú ohun tó kọ nípa ọ́tísíìmù lọ́dún 1943. Ó ṣiṣẹ́ báńkì, ó wa mọ́tò, ó gbá gọ́ọ̀fù, ó rìnrìn àjò káàkiri, ó pé ẹni ọdún 89 kó tó kú ní 2023. Àwọn ará ìlú Forest tó gbé mọ̀ bó ṣe rí, wọ́n sì gbà á bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ìdílé olówó ni wọ́n bí i sí. Ṣùgbọ́n kò gba owó kí ará àdúgbò kí èèyàn, kó sì ní sùúrù fún ìdáhùn.

Ẹ jọ̀ọ́, tí oṣù kẹrin bá tún dé, kí akọ̀ròyìn yín má ṣe tọ àwọn òbí nìkan lọ. Mo ṣe tán láti bá wọn sọ̀rọ̀, níbi tí kò bá ti sí ariwo. Orúkọ mi àti fọ́tò mi wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí; mi ò ní kí ẹ fi ìkankan pamọ́.